Ìpè Ọ̀sán Gangan

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń wá kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù mi máa ń bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò fẹ́ràn. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi parí ilé ẹ̀kọ́ yìí?" Wọ́n á wá tẹjú mọ́ mi bíi pé mo kó oògùn rẹ̀ pamọ́ sápò. Bí inú mi bá dùn, màá ní kí wọ́n máa jẹun kí wọ́n tó wọṣẹ́, kí wọ́n má sì máa dá kàwé. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tó ìdajì òótọ́. Ohun tó mú mi parí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ kan tí ìyá mi sọ fún mi lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀sán gangan. Ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì fi wá sílẹ̀ títí dòní.

Ìfọ́nyìntẹ̀dó ni wọ́n bí mi sí, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti ń tán lọ, tí èèyàn lè lọ kí àna rẹ̀ ní ìhà kejì ibodè láàárọ̀, kó sì padà wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán nílé. Ilé àgbẹ̀ ni ilé wa. Ẹ̀gẹ́ la ń gbìn, gààrí la ń yan. Òfin ìyá mi pọ̀: má súfèé nínú ilé, má gbálẹ̀ lálẹ́, má jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn yẹn, mo máa ń rú wọn bó ṣe wù mí. Ọ̀kan péré ni ẹnikẹ́ni nínú wa ò jẹ́ rú: a kì í jẹ́ ìpè tí a ò rí ẹni tó pè é, àgàgà ní ọ̀sán gangan, nígbà tí òjìji èèyàn bá ti sá sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ láti ẹ̀yìnkùlé, o ò gbọdọ̀ dáhùn. Wàá dìde, wàá yọ́ lọ síbẹ̀, ìgbà tí o bá fojú ara rẹ rí ẹnu tó pè ọ́ ni wàá tó jẹ́ ẹ. Nítorí èyí, àlejò tó bá wá sílé wa á kágò títí, a ó pa lọ́lọ́, àfi kó déédéé rí wa lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú mọ́ wa lọ́wọ́. Kò tún wá mọ́.

A ò fi òfin yẹn ṣeré nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo kéré gan-an nígbà tó kú. Ohun tí mo rántí nípa rẹ̀ ò ju ọwọ́ tó ń dirun fún mi, tó sì ń fà á jù. Bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́ nìyí: ọmọ náà ń lọ pọnmi lódò oko ní ọ̀sán gangan, nǹkan kan pè é láti inú igbó, ó dáhùn, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ejò sì bù ú jẹ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá a. Bí ìyá mi bá ti dé ibi tó ti ń sọ pé "ó dáhùn", á mirí, á sì bọ́ sídìí iṣẹ́ mìíràn. A ò jẹ́ bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù ọsibítù. Ilé ẹ̀kọ́ wa ò jìnnà sí Ìlaròó, ibi tí a ti ń kọ́ṣẹ́ ò sì jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́. Obìnrin kan tó ga, tí kì í pariwo, ló jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Sísítà là ń pè é. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀, kò kọ́ wa ní abẹ́rẹ́, kò kọ́ wa ní egbò wíwẹ̀. Ó ní, "Nínú wọ́ọ̀dù yìí, ẹni tó bá gbọ́ ìpè ló ni ín. Ẹ má bi mí pé ta ni wọ́n ń pè. Kí o tó dìde rárá, ní 'Mo ń bọ̀'. Aláìsàn tí ò bá gbóhùn èèyàn á fẹ́ fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì máa gbà á."

Mo rántí òfin ìyá mi. Gbogbo àwọn yòókù ń mi orí bíi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń gbé yàrá kan, ló kọ́kọ́ ká mi mọ́. Ọmọ Ayétòrò ni, ọmọ mùsùlùmí, ẹnu rẹ̀ ò sì lẹ́gbẹ́. Ó rí i pé bí aláìsàn bá ti pè, èmi á kọ́kọ́ dákẹ́, màá yọ́ dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí n tó lanu. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ibodè yìí! Àní kí o gbé ìkòkò ìtọ̀ wá, o ń yọ́ rìn bí ẹni tó gbé ìrẹsì fàyàwọ́ wọ̀lú." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo wá dọ́gbọ́n sí i: màá na ọrùn wo ẹni tó pè, màá sì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́ọ̀dù náà gùn gbọọrọ bíi gbọ̀ngàn ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí bẹ́ẹ̀dì tí ojú ò tó.

Ọ̀rẹ́ mi yìí wà lára ohun tó gbé mi dúró, mi ò ní purọ́. Bí a bá ń fọ yunifọ́ọ̀mù wa lẹ́yìn ilé, á máa ka orúkọ eegun ọwọ́, èmi á máa ka ti ẹsẹ̀, ẹni tó bá ṣì í ló máa sá aṣọ. Bí ààwẹ̀ bá dé, èmi tí mi ò gbààwẹ̀ ni mò ń jí se sààrì fún un. Nínú àwa tí a jọ wọlé, àwọn kan ti lọ. Ọ̀kan kàn dédé palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, kò dágbére fẹ́nì kan. A rò pé a mọ irú ẹni tó ń lọ àti irú ẹni tó ń dúró. A ò mọ nǹkan kan.

Ní ọdún wa kejì ni wọ́n gbé ìyá àgbà kan wá. Láti ìhà Pọ̀bẹ̀ ló ti wá, láti òdìkejì ibodè, ìtọ̀ ṣúgà sì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀dì tó wà ní ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, lẹ́yìn ògiri tó yọ síta, ibi kan ṣoṣo tí ojú mi ò tó láti ìdí tábìlì wa. Bó bá di àárọ̀, á kí gbogbo wa ní "bọ̀ǹjúù", ìkíni Faransé ti ìhà ọ̀dọ̀ wọn, Sísítà pàápàá á dá a lóhùn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa wẹ egbò rẹ̀. Egbò náà burú, òórùn rẹ̀ ń bá mi lọ sí yàrá. Àmọ́ bí mo bá ti ń ṣe é, ìyá àgbà á máa sọ ìtàn ìgbà ọmọge rẹ̀ fún mi, á máa bú àwọn ọkùnrin tó fẹ́ ẹ tí kò gbà fún, èmi á sì gbàgbé imú mi.

Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, á pè. "Ọmọ mi o!" Ohùn rẹ̀ á fà, á lọ sókè níparí. Bó bá jẹ́ omi ló fẹ́, á pè. Bó bá jẹ́ pé ó kàn fẹ́ kí n wá jókòó, á pè. Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èmi tí wọ́n fi òfin tọ́, mo ti ń ní "Mo ń bọ̀, Màmá!" láti ìdí tábìlì, láìrí i. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láyé mi tí mo jẹ́ ìpè rẹ̀ láìrí ojú rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ nílé.

Ó kú ní ìdájí ọjọ́ kan tí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ti gbé e lọ, wọ́n ti fọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti ṣí fèrèsé. Mo sunkún díẹ̀ ní ibi tí a ti ń fọwọ́, mo fọjú mi, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, bí oòrùn ṣe kan àtàrí, mo ń ká báńdéèjì lọ́wọ́, mo gbọ́ ọ. "Ọmọ mi o!" Ohùn náà fà, ó lọ sókè níparí.

Mo ní, "Mo ń bọ̀, Màmá!"

Mo ti rìn dé ẹ̀gbẹ́ ògiri kí n tó rántí. Bẹ́ẹ̀dì náà ṣófo, aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sí i, atẹ́gùn ń ti fèrèsé wọlé. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo wo àwọn aláìsàn tó wà nítòsí. Ọ̀kan ń sùn, èkejì ń jẹ ọsàn, kò gbójú sókè.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kì í ṣe nítorí òkú ìyá àgbà, torí ìyá àgbà ò ní ṣe mí ní ibi. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ẹnu ara mi. Mo ti jẹ́ ìpè. Ohun tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ṣe tó fi kú, èmi náà ti ṣe é.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mo sì gbà pé ikú mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ kan ọrùn mi, ó fún mi ní oògùn ibà, ó ka súrà kan sí mi lórí, ó ní, "Ẹ̀fọn ló jẹ ọ́, kì í ṣe òkú." Orí fífọ́ náà fi mí sílẹ̀. Ìpè náà ò fi mí sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún gbọ́ ọ ní àkókò kan náà, lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e bákan náà. Nígbà tó yá, mi ò mọ ìpè alààyè yàtọ̀ sí ti òkú mọ́, ni mo bá pa ẹnu mi dé fún gbogbo wọn. Aláìsàn á pè, èmi á dúró gbagidi bí òpó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún pè, ó pè, kò gbóhùn ẹnì kan, ó sì gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti wá nǹkan tó fẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló sáré gbá a mú kó tó ṣubú. Èmi ló sún mọ́ ọn jù.

Sísítà pè mí sí yàrá rẹ̀. Kò bú mi. Ó ní, "Mo ti ń wò ọ́. Ọwọ́ rẹ dára, egbò rẹ mọ́, o kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá lè dáhùn ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Mi ò mọ ohun tó dé bá ọ, mi ò sì ní fi dandan bi ọ́. Lọ rò ó. Bó bá di ọjọ́ Ajé, wá sọ fún mi bóyá o ń bá wa lọ tàbí o ń lọ sílé."

Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Mo ní, "Màmá, mo ti jẹ́ ìpè."

Ó ní, "Ta ló pè ọ́?"

"Ẹni tó ti kú ni, Màmá."

"Palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Màá dé lọ́la."

Mo palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń wò mí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó kàn ní, "Ta ni màá máa ka eegun fún báyìí?" Inú mi bà jẹ́ gidigidi. Mo fẹ́ parí. Mo fẹ́ fìlà funfun tí wọ́n ń dé fún àwọn tó bá parí, bí ebi ṣe ń fẹ́ oúnjẹ. Àmọ́ mo tún fẹ́ wà láàyè.

Ìyá mi dé lọ́jọ́ kejì, eruku ọ̀nà Ìpókíá ti sọ gèlè rẹ̀ di pupa. Kò fẹ́ kí a lọ láì kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Sísítà. Ìyá mi ò lè jí ọmọ rẹ̀ gbé sá bí olè. Sísítà wà pẹ̀lú dókítà, wọ́n ní ká dúró. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù, báàgì mi wà lẹ́sẹ̀ wa. Oòrùn ti kan àtàrí. Ló bá dún láti inú wọ́ọ̀dù: "Ọmọ mi! Ẹ gbà mí o, ọmọ mi!"

Ìyá mi gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó gbọ́ ọ. Ó ní, "Má dáhùn."

Kí n tó mí, ohùn ọ̀rẹ́ mi ti jáde láti ibi ìfọwọ́: "Mo ń bọ̀ o!" A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré. A gbọ́ tí omi ń dà sínú kọ́ọ̀bù. Obìnrin kan ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí o pẹ́, ọmọ mi, ọ̀fun mi gbẹ." Aláìsàn tuntun kan ni, tí wọ́n gbà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ìyá mi bi mí pé, "Èyí tó dáhùn yẹn, ṣé ó rí ẹni tó pè é?"

"Kò rí i, Màmá. Òdìkejì ògiri ló wà."

"Ó sì dáhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Omi lásán ni obìnrin yẹn fẹ́."

"Omi ni, Màmá."

Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ tún gèlè rẹ̀ wé ni, àfi bó ṣe fi í bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò tíì rí ẹkún ìyá mi rí, àní nígbà tí bàbá mi kú.

Ó ní, "Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò jẹ́ ìpè kankan. Òun ló pè."

Mo ní, "Ta ló pè?"

"Èmi ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ń pè. Mo wà nínú abà, mò ń bó ẹ̀gẹ́. Oòrùn wà láàárín orí báyìí. Mo gbọ́ 'Màmá o'. Ohùn ọmọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò rí i, ìyá tó bí mi sì ti kọ́ mi pé ohùn ẹni tí a fẹ́ràn ni nǹkan burúkú tó ń pe èèyàn lọ́sàn-án máa ń yá lò. Mo fọwọ́ di ẹnu mi. Ó tún pè. Mo fi ìró bo orí. Ó ń pè, ó ń pè, títí ohùn náà fi lọ sílẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ti lọ."

Mo ní kó má sọ mọ́. Ó ń sọ ọ́ lọ.

"Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ló gbé e wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé itan. Ojú rẹ̀ ṣì là. Ó ní, 'Màmá, ẹ ò gbọ́ mi ni?' Mo ní, 'Mi ò gbọ́, ọmọ mi. Mi ò gbọ́.'"

Inú bí mi. Kí n má tan ẹnikẹ́ni, ìbínú ló kọ́kọ́ wá, àánú ló tẹ̀ lé e. Mo rántí gbogbo ọ̀sán tí mo lò ní yíyọ́ rìn nínú ilé tiwa, gbogbo ìpè ọmọdé ẹgbẹ́ mi tí mi ò jẹ́, gbogbo òru tí mo fi bẹ̀rù. Mo fẹ́ pariwo lé e lórí. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀, èékánná rẹ̀ tí oje ẹ̀gẹ́ ti sọ di dúdú, mi ò sì lè pariwo.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ dáhùn, o sì jókòó síbí. Èmi ni mi ò dáhùn." Ó fi ẹsẹ̀ ti báàgì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Wọlé lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá pè ọ́ níbẹ̀, dá a lóhùn."

Mo wọlé. Nígbà tí Sísítà kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ó bá mi níbi tí mo ti ń wẹ egbò ẹlòmíràn. Ó gbé àwo ìfọgbẹ́ kejì fún mi.

Ìpè ọ̀sán yẹn ò tètè lọ o. Ó ń wá títí a fi ṣe ìdánwò àṣekágbá. Mo ń jẹ́ ẹ. Bó bá pè, màá ní "Mo ń bọ̀", màá rìn dé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ògiri, màá sì bi ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ bóyá ó fẹ́ nǹkan. Mi ò rí i rí kí aláìsàn má fẹ́ nǹkan. Báyìí ni mo ṣe parí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé wa ní fìlà, ìyá mi jókòó ní iwájú, ó ń ṣàtẹ́wọ́ fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, àti èyí tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀.

Láìpẹ́ yìí ni àwọn ará ilé wa ní Ìfọ́nyìntẹ̀dó pè mí. Wọ́n ní kí n tètè wá, pé orí Màmá ti ń dàrú, pé ó ti ń dá nìkan sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Àwọn kan ní ká gbé e lọ fún àdúrà, àwọn kan ní ká gbé e lọ sí ọsibítù, ṣebí nọ́ọ̀sì ni mí. Mo lọ. Mo bá a lábẹ́ igi ọsàn, ó ń bó ẹ̀gẹ́, orí rẹ̀ pé, ó béèrè gbogbo èèyàn mi lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mú ọ̀bẹ, mo jókòó tì í, a jọ ń bó o. Oòrùn gun òkè. Ó déédéé gbé orí sókè, ó kọjú sí ọ̀nà oko, ó ní, "Mo ń bọ̀ o, ọmọ mi! Mo ń bọ̀!"

Ó padà wò mí. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ọ?"

Atẹ́gùn nìkan ló ń fẹ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo ní, "Mo gbọ́, Màmá."